Olóbi Tí Mo Gbé Fún Ẹni Tí Kò Ni Ín

Ẹ má bi mí bóyá mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Mi ò lọ. Mọ́dà sùkúù ni mo kà, ọdún mẹ́ta, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nígbà yẹn sì ní àfi ẹni tó bá parí girama. Bàbá mi ti kú, ìyá mi ń yan ẹja létí ọ̀sà, ta ló fẹ́ rán mi lọ sí girama? Mo bá lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ dókítà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọdún méjì gbáko. Àwa la máa ń se abẹ́rẹ́ àti sísọ́ọ̀sì nínú omi gbígbóná, àwa la ń fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀, àwa la ń wẹ ìkókó, àwa la ń jókòó ti abiyamọ kí ẹ̀jẹ̀ má baà máa dà lára rẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Ọgisílíárì ni wọ́n ń pè wá. Àwọn nọ́ọ̀sì tó kàwé kì í pè wá ní nǹkan kan ju "ẹ̀yin ọmọ yìí" lọ, bẹ́ẹ̀ tí a kò bá wá síṣẹ́ lọ́jọ́ kan, wọ́ọ̀dù ò ní ṣeé wọ̀.

Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ tán, mo wáṣẹ́ títí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mi fi jẹ. Ilé ìwòsàn kan ní àwọn ò gba ẹni tí kò ní sátífíkéètì. Òmíràn ní àwọn ń gba ọgisílíárì, ṣùgbọ́n àfi ẹni tí ẹni ńlá kan bá kọ lẹ́tà fún. Nínú ẹ̀kẹta, akọ̀wé kan wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní kí n lọ dúró sílé, wọ́n á ránṣẹ́ pè mí. Mo mọ̀ pé tí mo bá dúró de ìpè yẹn, ewú á bá mi níbẹ̀. Inú bí mi débi pé mi ò kí i kí n tó jáde, èmi tí ìyá mi fi ẹgba kọ́ ní ìkíni.

Ìyá mi ló gbọ́ lẹ́nu àwọn oníbàárà wọn pé kánsù ti kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí ìtòsí Ajáh, pé wọ́n ń wá ọgisílíárì kan ṣoṣo. Ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà ni mò ń wí, nígbà tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Iyanrìn ni gbogbo rẹ̀. Igbó Ẹfọ̀n jẹ́ igbó lóòótọ́, ẹni tó bá wa lọ́rì gba ibẹ̀ á máa tẹ́ imọ̀ àgbọn sábẹ́ táyà kó tó lè kọjá. Àwọn tó ní sátífíkéètì ò fẹ́ẹ́ gbọ́ orúkọ ibẹ̀ sétí. Èmi ní tèmi, ọmọ ibẹ̀ ni mí. Mo ní ohun tí àwọn yẹn ò fẹ́ yẹn gan-an ni màá gbà, mo sì di aṣọ mi lọ́jọ́ kejì.

Mátírọ̀nù tó ń ṣàkóso ibẹ̀ jẹ́ obìnrin tín-ín-rín kan tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó. Wọn kì í pariwo. Tí inú bá ń bí wọn, ńṣe ni ohùn wọn máa ń rẹlẹ̀ sí i, ẹ̀rù á sì bà ẹ́ ju kí wọ́n gbá ẹ létí lọ. Wọ́n ka ìwé mi, wọ́n wo èékánná mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní oṣù mẹ́ta ni àwọn máa fi dán mi wò. Tí oṣù mẹ́ta bá pé, àwọn á kọ ìwé nípa mi sí kánsù. Tí ìwé náà bá dára, iṣẹ́ ti di tèmi pátápátá nìyẹn. Tí kò bá dára, kí n padà síbi tí mo ti wá. Mo ní ó ti yé mi, mà. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ti búra pé mi ò ní padà sídìí ẹja. Èéfín ti sọ ojú ìyá mi di bàìbàì, wọn ò rí ihò abẹ́rẹ́ fi òwú sí mọ́. Mi ò fẹ́ kí tèmi rí bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ gbé ìyá mi kúrò nídìí ààrò yẹn kí ojú náà tó lọ tán. Iṣẹ́ yìí ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo rí.

Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà ló wà nínú wọ́ọ̀dù. Ọjọ́ tí ẹni méjì bá dùbúlẹ̀ níbẹ̀, ọjọ́ ọdún ni. Ìyàwó àwọn awakọ̀ àti àwọn télọ̀ tó ń gbé Addo nítòsí wa máa ń wá díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin abúlé ọ̀sà, àwọn èèyàn tèmi, wọn ò yọjú rárá. Mátírọ̀nù rò pé abẹ́rẹ́ ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kó má baà dà bíi pé mo fẹ́ kọ́ wọn níṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà mo sọ ọ́. Mo ní kì í ṣe abẹ́rẹ́, mà, ihò ẹ̀yìn ilé yẹn ni.

Inú ihò yẹn ni wọ́n máa ń da olóbi sí, ìyẹn ibi ọmọ tó máa ń tẹ̀ lé ọmọ jáde. Lọ́dọ̀ tiwa, baba ọmọ ló gbọ́dọ̀ gbé e lọ sílé, kó sin ín sí agbo ilé tirẹ̀ kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Ibi tí olóbi rẹ wà ni ilé rẹ. Ẹni tí wọ́n bá ju tirẹ̀ nù, wọ́n gbà pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní dúró síbì kan láyé, tí ẹbí bá sì ń pín ilẹ̀, ẹnikẹ́ni lè bi í pé níbo ni tìrẹ wà. Obìnrin wo ló máa rọ́ lọ síbi tí wọ́n á ti sọ ọmọ rẹ̀ di aláìnílé lọ́jọ́ tó dáyé? Mo ní kí Mátírọ̀nù jẹ́ kí n máa kó o sínú ìkòkò amọ̀ tuntun, kí n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ẹnu rẹ̀, kí n sì gbé e fún ẹbí. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní àwọn ò kọ́ irú ẹ̀ níbi tí àwọn ti kọ́ṣẹ́. Wọ́n wá ní kí n máa ṣe é, ṣùgbọ́n tí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ sí ìkòkò kan péré, orí mi ni yóò wà, àwọn á sì kọ ọ́ sínú ìwé mi.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀. Wọ́n ń ti abúlé dé abúlé bọ̀, wọ́n á gbé aboyún sọ̀kalẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè pé ṣé lóòótọ́ ni pé a máa ń gbé ìkòkò fún èèyàn. Ọlọ́run má bínú sí mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yan nínú wọ́ọ̀dù bí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé náà. Mò ń wọn ọmọ, mò ń fi sípíríìtì nu ìdodo, mò ń bá àwọn ìyá jà pé kí wọ́n má fún wàrà àkọ́kọ́ dànù, wọ́n sì ń gbọ́ tèmi nítorí pé wọ́n mọ ìyá mi. Mátírọ̀nù ò yìn mí o. Wọn kì í yin èèyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń fi kọ́kọ́rọ́ àpótí oògùn sí mi lọ́wọ́ tí wọ́n bá fẹ́ jẹun, mo sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí oṣù mẹ́ta mi pé nígbà tí obìnrin méjì bí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà. Ọ̀kan wá láti abúlé kan ní òdìkejì ọ̀sà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló gbé e wá, ìyá àgbà kan tí wọ́n jẹ́ agbẹ̀bí fúnra wọn. Ọwọ́ wọn ni gbogbo abúlé náà fi wá sáyé, wọn ò sì gbà wá gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ wọn ọkùnrin ti lọ sójú òkun, àwọn ni wọ́n dúró fún un. Obìnrin kejì jẹ́ ìyàwó awakọ̀ lọ́rì kan ní Addo, mùsùlùmí tó máa ń kó àgbọn lọ sí Èkó. Ọkùnrin ni àwọn méjèèjì bí, kò tó wákàtí kan tó wà láàárín wọn.

Nígbà tí olóbi ti ìyàwó awakọ̀ jáde, Mátírọ̀nù pè mí kí n wá wo ìwọ́ rẹ̀. Ìwọ́ náà ta kókó, kókó gidi, bí ìgbà tí èèyàn bá fọwọ́ dì í. Wọ́n ní ká ní ó fún ju bẹ́ẹ̀ lọ ni, òkú ọmọ là bá gbà lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Mo wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà mo kó olóbi kọ̀ọ̀kan sínú ìkòkò tirẹ̀, mo dì í lẹ́nu pa, mo gbé ìkòkò ìyá kọ̀ọ̀kan sí ìdí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára ìyàwó ará ọ̀sà. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, mo pe Mátírọ̀nù. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ń ra á níkùn, wọ́n ní kí n sún un lọ sójú fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí n gbé èkejì wá síbi tó ti kúrò. Mo pààrọ̀ wọn. Mo gbé ìyá, mo gbé ọmọ, mo gbé aṣọ. Mi ò gbé ìkòkò.

Ẹ̀jẹ̀ dá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ìyá àgbà ní atẹ́gùn ọ̀sà ti fẹ́ yí, àwọn fẹ́ lọ sin olóbi kí ìgbì tó dé, àwọn á padà wá wo ìyàwó àwọn lọ́la. Mo lọ gbé ìkòkò tó wà nídìí bẹ́ẹ̀dì ìyàwó wọn wá, mo kí wọn kú ewu ọmọ bí ẹni tó mọ iṣẹ́ dójú àmì. Wọ́n dáhùn lábẹ́ ètè, wọ́n gbé ìkòkò mọ́ àyà, wọ́n lọ.

Awakọ̀ dé lẹ́yìn tó kírun àìlà. Ó ti lọ já àgbọn sílẹ̀, ó ti wẹ̀, ó wọ fìlà funfun, ó ń pè mí ní Àǹtí nọ́ọ̀sì, ó ń gbàdúrà fún mi. Mo lọ gbé ìkòkò tirẹ̀. Ewé tó wà lẹ́nu rẹ̀ ti ya, mo ní kí n pààrọ̀ rẹ̀ kó má baà rò pé a ò náání ọmọ rẹ̀. Mo ṣí i. Ìwọ́ ibẹ̀ ń dán, ó gùn, kò sí kókó kankan lára rẹ̀. Mo wá a títí. Mo gbójú sókè wo fèrèsé, mo wo bẹ́ẹ̀dì méjèèjì, mo wá rántí pé mi ò bá wọn gbé ìkòkò.

Mátírọ̀nù wà ní ọ́fíìsì. Awakọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi èmi. Olóbi kan ò yàtọ̀ sí èkejì lójú ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ náà. Ṣé kí n purọ́ fún yín pé mi ò rò ó? Mo rò ó. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu ìkòkò, mo dúró síbẹ̀, mò ń ro ọjọ́ mẹ́sàn-án tó kù. Mo ní ta ni yóò hú u wò? Mo ní ìkòkò á wà nílẹ̀, ọmọ á dàgbà, ayé á máa lọ. Ṣùgbọ́n mo wá rò ó pé wọ́n máa sin tọmọ apẹja sí Addo níbi tí kò ní ẹnikẹ́ni, wọ́n á sin tọmọ awakọ̀ sí abúlé tí baba rẹ̀ ò dé rí. Èmi tí mo pariwo nípa ihò ẹ̀yìn ilé, èmi gan-an ni mo wá ṣe ohun tó burú ju ti ihò lọ. Inú ara mi bí mi. Mo yọjú sí ọ́fíìsì, mo ní mà, mo ti ṣi ìkòkò gbé fún èèyàn, mò ń lọ gbà á padà, mi ò sì dúró gbọ́ èsì.

Mo kúnlẹ̀ fún awakọ̀, mo sọ fún un bó ṣe rí gan-an. Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Láti orí Àǹtí nọ́ọ̀sì, mo di ìwọ ọmọ yìí. Ó bi mí bóyá mo mutí yó. Ó ní ìyá òun ti kìlọ̀ fún òun nípa ilé ìwòsàn, òun ló ń ṣe ọ̀làjú. Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Mo wá ní tó bá ti bú mi tó, kó jẹ́ ká máa lọ, nítorí oòrùn ò ní dúró dè wá. Ó ní ká lọ síbo. Mo nawọ́ sí ọ̀sà.

Ọkọ̀ àbúrò bàbá mi wà ní èbúté, mo tú u, mo mú àjẹ̀, mo ní kó wọlé. Ọkùnrin tó máa ń fi lọ́rì bẹ́ iyanrìn bí ẹni tí wọ́n ń lé, kò lè wo ojú omi. Ó fi apá kan di ìkòkò ọmọ ọlọ́mọ mú lórí itan, ó fi ìkejì di etí ọkọ̀ mú. Ó ń bú mi, tí omi bá ta sí i lára, á kọ́kọ́ ké pe Ọlọ́run ná kó tó padà sídìí èébú. Ká ní kì í ṣe irú ọjọ́ yẹn ni, ǹ bá ti rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti wakọ̀ kẹ́yìn, àtẹ́lẹwọ́ mi bó, apá ń ro mí, atẹ́gùn sì ti yí sí wa lójú bí ìyá àgbà ṣe wí. Mi ò dúró. Nígbà tí a dé agbedeméjì ọ̀sà, ó fi èébú sílẹ̀. Ó bi mí ní ohùn kékeré pé kí ló dé tí mo sọ fún òun. Mo ní kó jẹ́ kí n wakọ̀.

Ẹ̀yìn ilé la ti bá ìyá àgbà. Wọ́n ti sin ín. Ilẹ̀ ṣì tutù níbi tí wọ́n da omi sí, wọ́n ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èdè Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń sọ ní abúlé náà, òun la ń sọ nílé wa, òun ni mo fi bá wọn sọ̀rọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin nítorí ìkúnlẹ̀ ò tó mi mọ́. Mo ní ìkòkò tí wọ́n sin yẹn kì í ṣe ti ọmọ ọmọ wọn. Mo ní èmi ni mo ṣì í gbé, kì í ṣe Mátírọ̀nù, kì í ṣe ẹlòmíràn. Mo fi baba ọmọ tó ni ín hàn wọ́n, pẹ̀lú ìkòkò tiwọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá àgbà wo ìkòkò ọwọ́ awakọ̀, wọ́n wá wò mí.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi nìkan ni mo mọ̀, kí n tó sọ fún ọ̀gá mi àti baba ọmọ."

"Ẹnìkan ló lé ẹ wá ni?"

"Kò sẹ́ni tó lé mi, ìyá."

Wọ́n nawọ́ sí ilẹ̀. "Ìwọ lo gbé e wá. Ìwọ ni o máa hú u."

Wọn ò fún mi ní ọkọ́, nítorí ọkọ́ lè fọ́ ìkòkò. Ìka mi ni mo fi wa ilẹ̀ náà, pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ tó ti bó, àwọn ará abúlé sì ti yí wa ká, wọ́n ń wò mí. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mi ò sunkún. Nígbà tí mo gbé ìkòkò jáde tí mo ṣí i, kókó náà wà lára ìwọ́. Mo sọ ohun tí Mátírọ̀nù wí nípa rẹ̀ fún awakọ̀, ó tẹjú mọ́ ọn, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá àgbà gba ìkòkò tiwọn, wọ́n tún ihò ṣe, wọ́n sin olóbi ọmọ ọmọ wọn síbẹ̀, wọ́n tún da omi sí i bí ẹni pé wọn ò ṣe é rí lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n ṣan ọwọ́ tán, wọ́n ní kí n sọ fún ọ̀gá mi pé ẹnikẹ́ni ní abúlé àwọn ò ní gbé ẹsẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa mọ́. Wọn ò wo ojú mi nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

Awakọ̀ bá mi fa ọkọ̀ gúnlẹ̀ nígbà tí a padà dé. Ó ní òun ò tíì dárí jì mí o, kí n má ṣe àṣìṣe ìyẹn náà. Ó gbé ìkòkò rẹ̀ sínú lọ́rì, ó fi fìlà rẹ̀ há a kó má baà yí, ó sáré lọ sí Addo kí oòrùn tó wọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Mátírọ̀nù pè mí sí ọ́fíìsì. Ohùn wọn ti rẹlẹ̀ débi pé mo ní láti sún mọ́ tábìlì kí n tó gbọ́. Ìwé mi wà níwájú wọn. Wọ́n ní àwọn ti kìlọ̀ fún mi. Wọ́n ní tó bá jẹ́ oògùn ni mo ṣì gbé fún èèyàn bẹ́ẹ̀, òkú là bá máa sin. Mi ò jiyàn, òótọ́ ni. Wọ́n ní kí n lọ kó ẹrù mi.

Mo mọ̀ pé mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò gbéra nílẹ̀. Mo ro ojú ìyá mi, mo ro akọ̀wé tó ní kí n lọ dúró sílé, inú kan sì bí mi tí mo fi la ẹnu.

"Mà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ṣàṣìṣe. Mo ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ìyókù náà síbẹ̀."

"Ìyókù wo?"

"Pé èmi ni mo wá sọ fún yín, mà. Ká ní mi ò sọ ni, ẹ ò ní mọ̀ títí láé."

Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n ń nù ún, wọ́n nù ún pẹ́. Wọ́n wá ní àwọn ò lè kọ ìwé tó dára fún mi báyìí, ojú a máa ti àwọn. Ohun tí àwọn lè ṣe ni kí àwọn ka oṣù mẹ́ta yìí sí òfo, kí n bẹ̀rẹ̀ òmíràn láti ọjọ́ kìíní. Wọ́n ní kí n má yọ̀ o. Kánsù ti ń béèrè ohun tí ọgisílíárì ń ṣe níbi tí bẹ́ẹ̀dì ti ṣófo. Tí àwọn obìnrin ọ̀sà ò bá padà wá kí oṣù mẹ́ta kejì tó pé, wọ́n á pa ipò náà rẹ́, ìwé mi ì báà dára, ì báà má dára. Mo ní mo gbọ́, mo dúpẹ́, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọkọ̀ ò gúnlẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ti tàn ká etí ọ̀sà pé ọmọ àwọn gan-an ló fẹ́ẹ́ sọ ọmọ ọlọ́mọ nù. Àwọn ará Addo ń wá, mo sì yí bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Kí olóbi tó kúrò lójú ìyá, màá ya etí ìró ìyá náà, màá so ó mọ́ ọrùn ìkòkò níṣojú rẹ̀, ibikíbi tí a bá gbé ìyá lọ, ìkòkò ń tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tí mi ò bá ní iṣẹ́, mo máa ń wakọ̀ lọ sí àwọn abúlé, mo máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n wo ìdodo ọmọ wọn, kí n wo bóyá ibà ń mú ìyá. Àwọn kan gbà mí sílé. Àwọn míràn ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì ń bára wọn sọ̀rọ̀ nípa mi níbi tí mo ti ń gbọ́. Nígbà tí mo bá kọjá ní abúlé ìyá àgbà, ìyá àgbà fúnra wọn á máa wò mí láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn.

Ìyá mi ní kí n fi í sílẹ̀. Wọ́n ní kò sí ìtìjú nídìí ẹja, ẹja ló tọ́ mi dàgbà. Mo ní ìyá, ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Wọ́n ní àáké mi ti kán báyìí. A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tẹ̀ síwájú láti fẹ́ iná, mo rí i tí wọ́n ń fi ọwọ́ tá ilẹ̀ wá igi ìdáná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Mo padà síbi iṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Ó wá ku ọjọ́ mẹ́fà kí oṣù mẹ́ta kejì pé. Mò ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni ò sùn lé lórí nígbà tí mo gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sáré bọ̀ láti èbúté. Ìyá àgbà ló wà níwájú. Ìyàwó àbíkẹ́yìn wọn ọkùnrin ni wọ́n gbé lẹ́yìn wọn, ó ti ń rọbí láti àná, ọmọ ò sì sọ̀kalẹ̀, gbogbo ọgbọ́n tí ìyá àgbà ní ti tán. Mátírọ̀nù jáde pàdé wọn. Ìyá àgbà ò kí wọn.

"Ọmọ tó hú ìkòkò ńkọ́?"

Mo jáde. Mo ní mo wà níbí, ìyá. Wọ́n ní kí n wá di orí aboyún mú.

Èmi ni mo di í mú láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Mátírọ̀nù ń ṣiṣẹ́ ní ìsàlẹ̀, ìyá àgbà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn ò sì lé ìyá àgbà jáde, bẹ́ẹ̀ òfin wọ́ọ̀dù ni pé kí ẹbí dúró síta. Nígbà tí ọmọ jáde, kò ké. Mátírọ̀nù gbé e fún mi láìsọ̀rọ̀. Mo fa omi jáde lẹ́nu àti imú rẹ̀, mo fi aṣọ gbígbẹ ra ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi ìka ta àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, mò ń bá a sọ̀rọ̀ pé ìwọ ọmọ yìí, o ò ní ṣe èyí sí mi lónìí. Ó sín. Ó wá figbe ta. Obìnrin ni.

Mo ya etí ìró ìyá rẹ̀ níṣojú rẹ̀, mo so ó mọ́ ọrùn ìkòkò, mo gbé e jáde fún ìyá àgbà. Ẹ má rò pé mi ò bẹ̀rù. Mátírọ̀nù dúró lẹ́yìn mi lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ ìyá àgbà pé kí wọ́n ṣí i wò, kí wọ́n fi aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ wé ìró ìyàwó wọn, kó lè dá wọn lójú.

Wọ́n gba ìkòkò lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e mọ́ àyà.

"Kí n wo kí ni?" ni wọ́n wí. "Ṣebí ìwọ lo gbé e fún mi."

Wọ́n yí padà, wọ́n gba ọ̀nà èbúté lọ. Mátírọ̀nù wọ ọ́fíìsì, mo gbọ́ tí wọ́n fa dúrọ́ọ̀. Ó ṣì ku ọjọ́ mẹ́fà, ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ ìyá àgbà tó kúrò létí omi, Mátírọ̀nù ti buwọ́ lu ìwé mi sí kánsù.